Báwo la ṣe máa kọ ìgbé ayé Ìtòkú ìsìnyí sílẹ̀?

ỌmọÌtòkú: Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ máa ya fọ́tò àwọn aládìírẹ ọjà Ìtòkú, ká gbohùn wọn sílẹ̀ fáwọn tó máa kọ ìtàn Abẹ́òkúta lẹ́yìn wa. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

ÌyáÌbejì: Ẹ kọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá kan àti bí wọ́n ṣe ń ná an o, torí ọba ò ní ṣàì rẹ́ni kọ tiẹ̀, ti ìyá tó ń rẹ aṣọ sínú aró, tọ́wọ́ ẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ló máa ń sọnù.

Akọ̀wé: Nílùú Ọba, Mass Observation, àwọn tó ń kó àkọsílẹ̀ ìgbé ayé ojoojúmọ́ àwọn èèyàn jọ, bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ lọ́dún 1937. Lọ́jọ́ 12 oṣù Karùn-ún lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tó ṣe látàárọ̀ dalẹ́ ránṣẹ́ sí wọn.

ỌmọÌtòkú: Ẹ ṣé. Tí wọ́n bá ní ká má ya fọ́tò ńkọ́?

ÌyáÌbejì: Ẹ má yà á nìyẹn! Èyí tẹ́ ẹ bá yà, ẹ kọ orúkọ àti déètì sí i jàre.