Shekhinah kì í ṣe «Ọlọ́runbìnrin» o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo àríyànjiyàn yín láti àná lórí bí a ṣe máa túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn Júù ń lò fún Ọlọ́run sí Yorùbá, ẹni tó ní ká máa pe Shekhinah, ìyẹn wíwà Ọlọ́run láàárín àwọn èèyàn, ní «Ọlọ́runbìnrin» àti ẹni tó ní ká kúkú fi «Jèhófà» dúró fún HaShem, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe Ọlọ́run láìdárúkọ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ní èdè Hébérù, gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ ló jẹ́ akọ tàbí abo, tábìlì (shulchan) akọ ni, ilẹ̀ (eretz) abo ni, kò sì sẹ́ni tó rò pé tábìlì ń hu irùngbọ̀n. Tí «bara» («dá»), ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n lò fún Ọlọ́run nínú Jẹ́nẹ́sísì 1:1, bá wá jẹ́ akọ, gírámà ló fà á. Diutarónómì 4 ṣáà kìlọ̀ pé kí wọ́n má yá ère akọ, kí wọ́n má yá ti abo, torí wọn ò rí ìrísí kankan ní Hórébù. Lóòótọ́ wọ́n ń gbàdúrà «Bàbá wa, Ọba wa» lásìkò ọdún tuntun wọn, àmọ́ Aísáyà 66:13 náà ní Ọlọ́run yóò tù wọ́n nínú bí ìyá ṣe ń tu ọmọ ẹ̀ nínú. Shekhinah ní tiẹ̀, abo ni nínú gírámà, àwọn onímọ̀ Kábálà, ẹ̀kọ́ awo àwọn Júù, ló wá sọ ọ́ di ìyàwó nínú ìtàn wọn, ṣùgbọ́n ohun tí gbòǹgbò ẹ̀ ń sọ ni kéèyàn máa gbé ibì kan. «Ìbágbé» ni tèmi. Àbí àwa tí «ó» wa ò mọ ọkùnrin ò mọ obìnrin, kí la fẹ́ fi «bìnrin» ṣe?

Ti Jèhófà ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́tà mẹ́rin ni Orúkọ Ọlọ́run ní èdè Hébérù, yod, he, vav, he, wọn kì í sì í pè é. Kí àwọn ará Róòmù tó wó Tẹ́ńpìlì ní ọdún 70, olórí àlùfáà máa ń pè é níbẹ̀ lọ́jọ́ Yom Kippur, ọjọ́ ètùtù wọn, lónìí Adonai («Olúwa») ni wọ́n ń kà sí i nínú àdúrà, HaShem sì ni nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Àwọn akọ̀wé ayé àtijọ́ wá kó fáwẹ̀lì Adonai sára lẹ́tà mẹ́rin yẹn kí òǹkàwé lè rántí ohun tó máa pè, àwọn Kírísítẹ́nì kà á pọ̀, ó di Jèhófà. Ẹ wá fẹ́ fi ìyẹn túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n dìídì ń lò kí wọ́n má baà dárúkọ! «Orúkọ Náà» ni HaShem, ó parí.

Ẹni tó fi wé bí a ṣe ń pe Ṣọ̀pọ̀ná ní Olóde gbìyànjú, àmọ́ ìbẹ̀rù àrùn kọ́ ni ti àwọn Júù, ọ̀wọ̀ ni, ó sì wọ inú ìṣirò pàápàá. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà, yod jẹ́ 10, he jẹ́ 5, ó yẹ kí 15 jẹ́ yod-he, ṣùgbọ́n ìyẹn ti di ìkékúrú Orúkọ, ni wọ́n bá ń kọ tet-vav, 9 àti 6. Ibẹ̀ ni ọdún àwọn igi wọn, Tu BiShvat, ti rí «Tu» ẹ̀, torí ọjọ́ 15 oṣù Shevat ni.

Ó ku ẹni tó ní ká máa kọ «Ọl-run» bí àwọn Júù kan ṣe ń kọ «G-d» lédè Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n má baà kọ ọ́ tán. Ọ̀pọ̀ rábì, àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, ló ní èèwọ̀ Orúkọ yẹn ò kan èdè mìíràn, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, a ò tíì rí àwọn tó ń fi àmì ohùn sórí «Ọlọ́run» tán, ẹ tún fẹ́ yọ fáwẹ̀lì kúrò nínú ẹ̀.