Ta ló ti fi wáyà àti ìṣó ṣe ẹ́ńjìnnì fún mọ́tò ìṣeré rí? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Ike bíìrò ni sìlíńdà mi, ìṣó tí mo gé lórí ni písítìnì. Mo wé wáyà kọ́pà mọ́ ike náà, ó tó ìgbà 400. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo tẹ̀ ṣe kíránkì tó ń yí wíìlì. Mo taná sí i, ó fa ìṣó wọlé, pá! Kò padà mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá ìṣó jà.

Baba Rìwáyà: Báwo ló ṣe fẹ́ padà? Fífà ni wáyà tó ní iná mọ̀, kò mọ títì. Iná gbọ́dọ̀ gé kí ìṣó tó dé àárín, kí wíìlì tó wúwo wá gbé e padà. Níbo lo fi súíìsì sí?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ: Ọwọ́ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, sà.

Tẹ̀lú: 😂😂😂 Ẹ́ńjìnnì àfọwọ́tẹ̀!

Ìyá Ìbejì: Áà. Sítébíláísà tí mò ń wá láti Sátidé! Ọmọ mi ti tú wáyà inú ẹ̀ tán.

Baba Rìwáyà: Mà, ṣé kọ́pà gidi ni? Alumí tí wọ́n fi kọ́pà bò ló pọ̀ nínú àwọn tòde òní. Ẹ fi abẹ ha á wò.

Ìyá Ìbejì: Mò ń sunkún sítébíláísà, ẹ ń bi mí ní kọ́pà.

Onírìmóòtù: Tèmi rìn o. Písítìnì méjì, bíkan bá ń fà, ìkejì á sinmi. Bátìrì kọ̀ǹpútà àgbéká mẹ́ta, agbára iná fóòtì 11. Ó ń dún bíi maṣíìnì ìránṣọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Ibi tí irin ti ń kan irin ń ta iná pàrà, ó jó dúdú. Ìgbà tí mo so dáyọ́ọ̀dù, ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, sẹ́sẹ̀ wáyà méjèèjì ló rọlẹ̀. Ìgbà yẹn, ike bíìrò ti yọ́.

Tẹ̀lú: Dáínámò inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lágbára ju gbogbo wàhálà yìí lọ.

Onírìmóòtù: Ṣé ẹni tó ń fọn fèrè ò ní rédíò nílé ni? Ní 1851, Charles Grafton Page fi irú ẹ́ńjìnnì yìí wa ọkọ̀ ojú irin láti Washington dé Bladensburg, l'Amẹ́ríkà. Wáyà tiẹ̀ náà dàrú lọ́nà.

Tẹ̀lú: Irọ́. Bátìrì wo ló wà ní 1851?

Baba Rìwáyà: Alásíìdì. Tọ́ọ̀ṣì nìkan lo mọ̀.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ha á. Funfun ni.