"Tí ẹ bá…" lédè Fársì: ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbọ́ ọ?

Ìyá Tóbi (Los Angeles): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Màmá ará Ìran kan ní Westwood ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú báyìí, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì tó nǹkan. Mo gbọ́ "salām", mo gbọ́ "āb" tó jẹ́ omi. Ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ sọ pé "tí nǹkan bá ń dùn yín, ẹ sọ fún mi", ọ̀rọ̀ á há sí mi lẹ́nu.

Bọ̀dá Délé (London): Ẹ sọ pé: "Age dard dārin, begin." A-ge ni kí ẹ pè é, òun ni "tí" wa. Ẹ ó rí "agar" nínú ìwé, ẹ fi í síbẹ̀, "age" ni wọ́n ń sọ nílé. "Dard" ni ìrora. "Ā" yẹn sún mọ́ "ọ" tiwa. "-in" tó gbẹ̀yìn ni "ẹ" ọ̀wọ̀. Tí ẹ bá ní "dāri, begu", ẹ ti pe màmá ní "o" nìyẹn!

Bísọ́lá (Houston): Bọ̀dá, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ìṣe, ibẹ̀ ló ti ń dàrú. Àwa ní "tí mo bá lówó", a tún ní "ká ní mo lówó". Tiwọn, "age" kan náà ni, ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń yí padà. Ohun tó ṣì lè ṣẹlẹ̀ sábà máa ń gba "be-": "Age bekhāyn, mirim birun", tí ẹ bá fẹ́, a ó jáde. Èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ ń gba "mi-" pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣe àná: "Age midunestam, nemiyumadam", ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá má wá. "Dāshtam" (mo ní) àti "budam" (mo jẹ́) kì í gba "mi-" yẹn, olórí kunkun ni wọ́n: "Age pul dāshtam, mikharidam", ká ní mo lówó ni, ǹ bá rà á.

Bọ̀dá Délé: Ó tún ku kan. Tí ọmọ màmá bá fẹ́ jáde, wọ́n á ní "Age residi, zang bezan". Ọ̀rọ̀ àná ni "residi", síbẹ̀ "tí o bá dé, pè mí" ni. Dídé ní láti parí kí ìpè tó wáyé.

Ìyá Tóbi: Ha, ẹ ṣé gan-an! Tí wọn ò bá wá fẹ́ lo oògùn ńkọ́?

Bísọ́lá: "Na-" á gba ipò "be-": "Age nakhorin, hāletun bad mishe." Tí ẹ ò bá lò ó, ara yín ò ní yá.

Bọ̀dá Délé: Ẹ má dẹ́rù ba màmá o, Bísọ́lá. Ìyá Tóbi, "Age bekhorin, behtar mishin" ni kí ẹ sọ: tí ẹ bá lò ó, ara á yá.