Opó aláṣọ dúdú àti fọ́tò mi

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ ní ká sọ àwòrán tó mú omi bọ́ lójú wa, tèmi rèé.

Lọ́dún 1988, mo jẹ́ ọmọ ọdún 19 ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àbúrò bàbá mi wá sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń wá ìyàwó láti ilé. Màmá mi fi léèsì wọn wọ̀ mí, aṣọ náà ṣì ń rùn àpótí. Onífọ́tò ní kí n gbé àgbọ̀n sókè, kí n má rẹ́rìn-ín jù. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí mo lè kó ọwọ́ mi sí. Bí wọ́n ṣe fi mí ránṣẹ́ sí i nìyẹn, nínú fọ́tò.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, èmi náà ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ mi mú mi lọ sí National Gallery, ilé tí wọ́n ń kó àwòrán sí, ní Trafalgar Square. Wọn kì í gbowó ìwọlé. Bí mo ṣe yà sí yàrá kan báyìí, ọmọbìnrin kan dúró, ó ń wò mí, àwòrán náà sì ga tó èèyàn. Dúdú ló wọ̀ látòkè délẹ̀. Ohun tó mú mi ni ọwọ́ rẹ̀: funfun báláú lórí aṣọ dúdú yẹn, ó di ìbọ̀wọ́ mú, òrùka olókùúta pupa kan wà níbẹ̀. Mo ní, ọmọ yìí náà ò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí.

Christina ti Denmark ni, ọmọbìnrin ọba. Wọ́n ti fi í fún olórí ìlú Milan láti kékeré, ọkùnrin náà kú ní 1535, Christina ò sì tíì pé ọdún 14 tó fi di opó. Aṣọ ọ̀fọ̀ ló wọ̀ yẹn. Ọba Henry Kẹjọ ti England, tí ìyàwó rẹ̀ kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lẹ́yìn ìbímọ, ló rán Hans Holbein, ayàwòrán ààfin rẹ̀, lọ sí Brussels kó lọ wò ó wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, 1538, wákàtí 3 péré ni wọ́n fún Holbein. Ó ya ìrísí ọmọ náà sórí ìwé, ó sì padà wá fi ọ̀dà kùn ún sórí pátákó igi. Ọmọ ọdún 16! Nínú ọ̀fọ̀! Inú ọba dùn gan-an nígbà tó rí i.

Ṣùgbọ́n Henry ò rí i fẹ́. Catherine, ìyàwó àkọ́kọ́ tí Henry kọ̀ sílẹ̀, àbúrò ìyá tó bí ìyá Christina ni. Èwo ni ìdílé yẹn fẹ́ gbàgbé níbẹ̀? Wọ́n tún rán Holbein lọ ya Anne ti Cleves ní 1539. Ìyẹn ni Henry gbé wọlé ní oṣù Kìíní 1540, wọ́n sì tú ìgbéyàwó náà ká ní oṣù Keje. Ní 1541 ni Christina fẹ́ ọmọ olórí ilẹ̀ Lorraine.

Síbẹ̀, Henry ò jọ̀wọ́ àwòrán náà títí ó fi kú ní 1547. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi, ọmọ mi ń bi mí pé kí ló dé, Mọ́mì.

Ọ̀rọ̀ tèmi náà ò so èso. Ẹlòmíràn ni ọkùnrin yẹn fẹ́, kò sì sẹ́ni tó dá fọ́tò mi padà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni màmá mi lówó láti tẹ̀.