Ṣé kí n fi yíya ilé àwọn Àgùdà sílẹ̀ ni?

Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí wọ́n ti wó ilé Ilojo, ọ̀kan lára ilé àwọn Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó láyé àtijọ́), ní Tinúbú lọ́dún 2016, irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ń yà ṣáá. Àwọn oníbàárà ti ń ráhùn pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Mo gbìyànjú dáńfó (ta ni kò tíì ya dáńfó?), ọwọ́ mi ò yá sí i. Mo ya àwọn ilé náà lálẹ́ àti nínú òjò. Ó dùn mọ́ mi, kò tà. Monet, ará Faransé, ya òdòdó ojú omi ọgbà rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, àmọ́ kò sí onílé Èkó tó ń kanlẹ̀kùn mọ́ ọn lórí! Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ bóyá nǹkan ṣì kù láti yà nínú ohun kan? Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.