Ewédú tó kọ̀ tí kò hù

Ìyá Bọ́lú (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́):
Lọ́dún tí a kó dé Ìjàpọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbin ewédú sẹ́yìnkùlé, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló já mi kulẹ̀. Mo ro ilẹ̀, mo fọ́n irúgbìn, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, koríko nìkan ló hù. Mo ti gbà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi lọ́jà, mo sì ti ń múra ìjà.

Màmá àgbà kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ló bi mí pé, "Ṣé o ti fi omi gbígbóná jí i?" Mo ní, "Màmá, omi gbígbóná kẹ̀? Ṣé kò ní jinná ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́, wọ́n rì í bọ omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, wọ́n ka ení, èjì, ó di ẹ̀wá, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tẹ́ ẹ síbi òjìji kó gbẹ. Wọ́n ní èèpo rẹ̀ ló le, omi kì í ráyè wọ inú. Ooru yẹn ló ń là á.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ewédú ti yọrí. Lọ́sẹ̀ karùn-ún ni mo kọ́kọ́ já a. Mi ò tíì fi ìjábẹ̀ lù ú dénú tó ti ń fà, láìsí kán-ún. Ọmọ mi tó máa ń ṣa ewédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ lá ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bàbá Ìbejì (Oǹdó):
Ìyá Bọ́lú, tiyín ò hù, tèmi hù, èmi ni mo pa á. Ọ̀rẹ́ mi tó ń sin adìẹ fún mi ní àpò ìgbẹ́ adìẹ méjì. Tútù ni, ó ṣì ń rùn gan-an. Mo dà á sídìí tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, ewé wọn ti rọ, etí wọn ti jó bí ẹni pé iná lá wọn. Ìyàwó mi ò bínú o, ó kàn na ọwọ́, ó ní kí n mú owó ẹ̀fọ́ wá.

Nísinsìnyí, mo máa ń kó o jọ sábẹ́ igi ọsàn, mo ń da ewé gbígbẹ mọ́ ọn, ó ń jẹrà fún oṣù méjì, títí òórùn rẹ̀ á fi lọ. Igi ata mẹ́fà ló ń bọ́ ilé wa báyìí. Ẹ̀fọ́ tí mò ń jẹ pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mo ṣì ń lò ó. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí tẹ̀tẹ̀ da oògùn nù.

Àbúrò yín (Ọ̀bà-Ilé):
Ẹ̀yin àgbà, òjò ló ń bá gbogbo yín gbin nǹkan. Ẹni tó bá gbìn nígbà ẹ̀rùn ni kó wá sọ̀rọ̀! Ní oṣù kìíní, kànga wa ti fẹ́ gbẹ. Mo ṣírò owó epo tí mo fi ń fa omi, ó ju owó ẹ̀fọ́ lọ. Mo dákẹ́, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Tata tún dé, wọ́n jẹ ilá mi ku igi. Mo gún ewé dóńgóyárò, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo sẹ́ ẹ, mo fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, mo ń wọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Ó dín wọn kù, kò lé wọn tán. Ewúro nìkan ni kò mì. Igi lásán ni mo gé tí mo gún mọ́lẹ̀ nítòsí ibi tí a ti ń fọ abọ́, omi ìfọbọ́ ló ń mu, ó sì ti ga jù mí lọ.

Ìyá Bọ́lú:
Àbúrò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gé méjì nínú igi ewúro yẹn. Màá gba ọ̀nà ọ̀hún kọjá lọ́jọ́ Sátidé. Màá mú irúgbìn ewédú dání, èyí tí mi ò tíì fi bọ omi gbígbóná.