Àfẹyinrẹ: èrò mi lórí orúkọ tí à ń wá fún búrẹ́dì tí a rẹ sínú ẹyin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n ń túmọ̀ ìwé ìdáná sí Yorùbá, wọ́n wá kan ohun tí Òyìnbó ń pè ní French toast, irú èyí tí wọ́n ń tò sínú tíréè, tí wọ́n ń gbé sínú oven kó lè kárí èrò. Wọ́n dábàá “búrẹ́dì Faransé”. Ẹnì kan ní rárá, “búrẹ́dì ẹlẹ́yin” ló yẹ ẹ́. Àbúrò wa kan tó gbọ́ èdè Faransé ní “búrẹ́dì àná” ló tẹ́ òun lọ́rùn. Bí iyàn ṣe tún dé orí ọ̀rọ̀-ìṣe nìyẹn: ṣé a ń sun ún ni, àbí a ń yan án, àbí a ń dín in? Mo dákẹ́ láti ìgbà yẹn torí mo fẹ́ ṣe oúnjẹ náà kí n tó dá sí i. Mo ti ṣe é báyìí.

Àgbádárìgì ni mo ń gbé, oúnjẹ ìnáwó sì ni iṣẹ́ mi. Ní Sátidé tó kọjá, ìpàdé ẹbí ọkọ mi bọ́ sí ilé wa. Wọ́n tó ogójì, tọmọdé tàgbà, àwọn kan ti Àjàṣẹ́ wá, àwọn kan ti Ìkòròdú. Mo ní oúnjẹ àárọ̀ wọn ni n ó fi dán ọ̀rọ̀ wa wò, kí n lè gbọ́ ohun tí yóò jáde lẹ́nu àwọn tí wọn ò mọ̀ pé à ń jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú “búrẹ́dì Faransé”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, orúkọ yẹn ò lè dúró lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ibodè Sẹ̀mẹ̀ ò jìnnà sí wa, búrẹ́dì Kútọnu kì í sì í ṣe àjèjì lójú wa: ọ̀pá gígùn, èèpo líle, inú fúyẹ́. Mo bi obìnrin mẹ́ta lọ́jà Agbálátà pé kí ni búrẹ́dì Faransé. Ọ̀kan na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún wọ̀n ọ́n láti ìgùnpá dé ọmọ ìka, ó ní, “Èyí tó gùn báyìí ni.” Àwọn méjì tó kù mi orí sí i. Bí ìwé bá wá ní kí irú wọn ṣe búrẹ́dì Faransé fún ogójì èèyàn, ọ̀pá búrẹ́dì ni wọn yóò lọ rà, wọn yóò sì máa retí kí ìwé sọ ohun tí wọn yóò fi jẹ ẹ́.

Àwọn Faransé gan-an ò fi orúkọ ara wọn pè é. Pain perdu ni wọ́n ń pè é, búrẹ́dì tó ti sọnù, torí búrẹ́dì tó ti gbẹ, tí à bá dà nù, ni wọ́n fi ń ṣe é. Arme Ritter ni ti àwọn ará Jámánì, ìyẹn àwọn akọni ẹlẹ́ṣin tó jẹ́ tálákà. Torrijas ni ti Sípéènì, àsìkò ààwẹ̀ Lẹ́ńtì sí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́ jù. Ní 1660, ìwé ìdáná kan jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lo orúkọ French toasts, ṣùgbọ́n kò sí ẹyin níbẹ̀ rárá: wọ́n yan búrẹ́dì, wọ́n wá rẹ ẹ́ sínú wáìnì pẹ̀lú ṣúgà àti omi ọsàn. Ẹ bá mi wo ìyẹn dáadáa. Àwọn kan lo wáìnì, àwọn mìíràn lo ẹyin, ìlú kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ ní orúkọ tó wù ú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè ṣe é láì rẹ ẹ́. Bí a bá kọ “Faransé”, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ la túmọ̀, a ò tíì sọ oúnjẹ náà lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ti gba àròjinlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba wa rí. Níhìn-ín ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, tí wọ́n kọ́ ní 1845, tí ìtàn ìlú wa sì so mọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí Àjàyí Crowther ṣe. Nínú Bíbélì Yorùbá, àkàrà ni búrẹ́dì: àjọ àkàrà aláìwú, ìṣù àkàrà márùn-ún pẹ̀lú ẹja méjì. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n lọ mú. Ṣùgbọ́n iná àti epo ti gba àkàrà mọ́wọ́ kí wọ́n tó dé, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí dòní. A ń ka àkàrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, a jáde, a ra búrẹ́dì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ọ̀rọ̀ tuntun nìyẹn: kó má lọ di ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan. Ìdí tí mo fi ní ẹnu àwọn tó ń dáná ni ká ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ nìyẹn.

Ó kan “búrẹ́dì àná”. Àbúrò mi, òótọ́ oúnjẹ wà nínú èyí tí o mú wá, mi ò ní tàbùkù rẹ̀. Búrẹ́dì wa ní Èkó rọ̀. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní 1913, tó sì dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní 1921, wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ gbogbo ilé láàárín wa, láti ìgbà náà la sì ti fẹ́ràn èyí tí a lè fi ọwọ́ fà bí òwú. Bí o bá ju búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sínú ẹyin àti mílíìkì, ó di ẹ̀kọ mímu. Èyí tó ti sùn, tó ti gbẹ, máa ń mu omi láì tú ká. Torí náà ni mo ṣe ra tèmi ní ọjọ́bọ̀, mo gé e nípọn tó ìka méjì, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Ṣùgbọ́n wo ilé mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn àna wa ló jókòó. Bí mo bá gbé tíréè jáde tí mo ní, “Ẹ wá jẹ búrẹ́dì àná,” kí ni wọn yóò gbọ́? Bí wọ́n bá gbọ́ àná, mo ń fún àlejò ní àjẹkù. Bí etí wọn bá lọ sí àna, mo ti ya oúnjẹ kan sọ́tọ̀ fún wọn, àwọn tó kù yóò sì máa wò. Kò sí olóúnjẹ tó máa sọ ọjọ́ orí búrẹ́dì lójú àlejò. Faransé lè pe tirẹ̀ ní búrẹ́dì tó sọnù kó sì dùn létí wọn. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀wọ̀ oúnjẹ wà lára orúkọ rẹ̀.

“Búrẹ́dì ẹlẹ́yin” ò pẹ́ lẹ́nu mi. Onítíì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ti gbà á. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ búrẹ́dì ẹlẹ́yin fún un, yóò dín ẹyin, yóò la búrẹ́dì, yóò fi ẹyin sí i láàárín. Oúnjẹ gidi ni, àmọ́ òmíràn ni.

Lálẹ́ Jímọ̀, mo lu ogójì ẹyin, kéréètì kan àti mẹ́wàá lórí rẹ̀. Mo da mílíìkì sí i, mo bu ṣúgà níwọ̀nba, mo họ nọ́tímẹ̀gì sí i. Nínú tíréè méjì, mo rin àgbọn, mo fún omi funfun rẹ̀ rọ́pò mílíìkì, torí ìlú àgbọn la wà. Mo to búrẹ́dì sínú tíréè márùn-ún, mo da ẹyin lé e. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹyin náà kàn ń léfòó láàárín búrẹ́dì. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún ìdájí tí mo ṣí fíríìjì, kò sí ẹyin kankan nísàlẹ̀ mọ́. Mo fi ìka tẹ búrẹ́dì kan, ó wọnú, ó sì tún dìde. Ó ti mu ún tán.

Ìyá ọkọ mi àgbà, tí wọn ò mọ nǹkan kan nípa iyàn wa, gba ègé tiwọn, wọ́n fọ́ ọ sí méjì, wọ́n wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, kí lo fi rẹ ẹ́?”

Mo ní, “Ẹyin ni, Mà.”

Àwo ọwọ́ mi ṣe díẹ̀ kó bọ́. Fi, ẹyin, rẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Ẹ mú “fi ẹyin rẹ”, ẹ pa i inú “fi” jẹ, ó di “fẹyinrẹ”. Ẹ so àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- mọ́ ọn, ó di àfẹyinrẹ. Ọ̀nà kan náà la gbà rí àfọwọ́kọ, àfọwọ́ṣe àti àfẹnusọ. Ẹni tó bá mọ àfọwọ́kọ, tó wá gbọ́ “búrẹ́dì àfẹyinrẹ”, yóò mọ ohun tí wọ́n ṣe sí búrẹ́dì náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un.

Ẹ wo “rẹ” yìí náà. A ń rẹ ẹ̀wà, a ń rẹ àgbàdo ògì fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, aláró ń rẹ aṣọ títí aró yóò fi wọ inú òwú. Ó ju kí a tẹ nǹkan bọ omi lọ. Ẹni tó ń dín búrẹ́dì ẹyọ ẹyọ nínú páànù lè tẹ̀ ẹ́ bọ ẹyin kó sì fà á yọ kíá. Èyí tó máa wọ oven fún ogójì èèyàn gbọ́dọ̀ mu ẹyin dé inú lọ́hùn-ún. Fún èyí gan-an ni orúkọ náà bá a mu jù.

Ẹnì kan yóò sọ pé ó jọ fẹ̀yìntì. Mo ti rò ó. Ohùn ẹyin àti ti ẹ̀yìn ò jọra rárá. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ra ẹyin wá fún òun kò gba ẹ̀yìn rí. Kí ẹ̀gbọ́n wa sáà fi àmì ohùn sí i nínú ìwé, kí wọ́n má yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló kù, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo iyàn yìí. Sísun, iná fúnra rẹ̀ ló ń kan nǹkan: iṣu sísun, tí èèpo rẹ̀ dú, tí a ń fi ọ̀bẹ họ. Dídín, epo tàbí òróró ni. Ti yíyan yàtọ̀: ooru ń gba ara nǹkan mìíràn dé ibẹ̀. Agbada ló wà láàárín iná àti gààrí, iyanrìn gbígbóná ló yí ẹ̀pà ká, èéfín ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹja. Nínú oven, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni. Yíyan ni.

Ẹnì kan ti kọ ọ́ síbí pé yíyan ń gbẹ nǹkan, bẹ́ẹ̀ inú búrẹ́dì yìí rọ̀, ẹyin rẹ̀ kàn dì bí mọ́ínmọ́ín ni. Mo dáhùn pé ká wo àyangbẹ. Bí “yan” bá ti ní gbígbẹ nínú, kí la tún ń fi “gbẹ” ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Àwọn àgbà ní, “Àyangbẹ ajá dùn, ṣùgbọ́n kí la ó jẹ kí ajá tó gbẹ?” Ẹ gbọ́ ọ: ajá wà lórí iná, wọ́n ń yan án lọ́wọ́, kò sì tíì gbẹ. Ọ̀tọ̀ ni yíyan, ọ̀tọ̀ ni gbígbẹ, òwe náà fúnra rẹ̀ ló là wọ́n níyà.

Ní ti oven, ààrò ni mo ń pè é nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ààrò òkúta mẹ́ta ni òun mọ̀, mi ò ní bá a jà.

Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ojú ìwé yẹn, bí n ó ṣe kọ ọ́ rèé:

Búrẹ́dì àfẹyinrẹ, yíyan, fún ènìyàn mẹ́jọ. Gé búrẹ́dì ńlá kan tó ti gbẹ díẹ̀ sí ègé nínípọn. Fi bọ́tà pa inú tíréè, to búrẹ́dì sí i. Lu ẹyin 8 pọ̀ mọ́ ife mílíìkì 3, ṣúgà àti nọ́tímẹ̀gì, dà á lé e lórí. Rẹ ẹ́ mọ́jú nínú fíríìjì. Láàárọ̀, jẹ́ kí ààrò gbóná dé 180 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Fi fọ́ìlì bò ó, yan án fún ìṣẹ́jú 30, ṣí i, kí o tún yan án fún 15 títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Bí èrò bá pọ̀, sọ tíréè di púpọ̀. Má ṣe to búrẹ́dì gègèrè lé ara wọn, ti ìsàlẹ̀ kò ní jinná.